Èémí Ọ̀gá Òkúta

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ọmọ mi dáadáa,

Mo kí ọ o. O kú òtútù, o kú iṣẹ́, o kú àìrójú. Ara mi le, àyàfi orúnkún òsì tó ń kùn tí mo bá tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ pẹ́. Má dá mi lóhùn lórí orúnkún, mo mọ ohun tí o máa sọ. Lẹ́tà rẹ ìkẹyìn kò ju ojú ìwé kan lọ, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ "ẹ bá mi kí wọn." Ta ni kí n bá ọ kí? Àwọn tí mo kí ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo gan-an lò ń ṣe níbẹ̀. Mo ní ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ èémí. Oníkẹ́míìsì ẹ̀gbẹ́ wa rò pé ò ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà ni. Mi ò tún un ṣe fún un, torí èmi alára ò lè ṣàlàyé ẹ̀.

Ó yá, gbọ́ ìròyìn. Ọ̀gá Òkúta ń ṣàìsàn.

Mo kọ ọ́ tán, mo tún un kà, inú mi tún dùn. Ọkùnrin tó ni ilé iṣẹ́ tí bàbá rẹ ti gé òkúta títí àyà rẹ̀ fi dí. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń gé e kí ọ̀kan tó di ọ̀gá èkejì. Òun ló pa rọ́bà omi tó ń rọ sórí ayùn tì, pé omi ń fi iṣẹ́ falẹ̀. Òun ló lé bàbá rẹ nígbà tí ikọ́ ò jẹ́ kó gbé òkúta mọ́. Òun náà ló dúró lẹ́bàá sàárè níṣojú gbogbo èèyàn, tó mi orí, tó ní, "Ẹ wo ohun tí sìgá ṣe fún ọkùnrin dáadáa." Bàbá rẹ tí kò fi sìgá kan ètè rí! Ìwọ wà níbẹ̀. O di ọwọ́ mi mú kí n má bàa fò mọ́ ọn. Mo ṣì ń bínú sí ọ nítorí ọwọ́ yẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ìyàwó rẹ̀ kó ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Gbogbo wọn ti fẹ̀ jù fún un, kí n bá òun dín wọn kù. Mo ní mi ò lè dín aṣọ kù láì wọn ẹni tó ni ín. Irọ́ ni. Mo kàn fẹ́ fojú ara mi rí i ni.

Mo rí i. Ó jókòó sí etí ibùsùn, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, èjìká rẹ̀ gòkè dé etí bí ẹni tó ń sọ pé òun ò mọ̀. Mo fi téèpù yí àyà rẹ̀ ká, mo ní kó mí sínú. Ó mí. Téèpù náà ò sún. Ọmọ mi, mo ti wọn àyà tó pọ̀. Ọmọ kékeré tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé máa ń fẹ́ já téèpù gbà lọ́wọ́ mi. Tirẹ̀ dúró gbọn-in bí ògiri. Nǹkan kan sì ń fọn fèrè nínú rẹ̀, ìró kan náà tí bàbá rẹ ń mú wá lọ́dún ìkẹyìn rẹ̀. Ojú wa pàdé. Ó ní ikọ́ àgbà lásán ni. Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Mo jáde sí ojú pópó, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Ìwọ tí o mọ̀ ọ́n, ṣàlàyé fún mi láti ihò imú títí dé ìsàlẹ̀: báwo ni èèyàn ṣe ń mí? Kí ni eruku òkúta ń wá níbẹ̀? Ṣé ohun kan náà ló wà láyà àwọn méjèèjì? Nígbà tí bàbá rẹ ń kú lọ, mi ò mọ ohun tí mò ń wò. Èyí, mo fẹ́ máa mọ̀ ọ́n bó ṣe ń lọ.

Kọ ọ́ kó gùn.

Ìyá rẹ tó ń retí.


Ogúnjọ́, oṣù kejì

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró dè mí. Ẹ ní kí n má sọ̀rọ̀ orúnkún, mi ò sọ ọ́. Ẹ bá mi sọ fún oníkẹ́míìsì yẹn pé kò fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà. Yàrá iṣẹ́ mi ò tóbi ju ṣọ́ọ̀bù yín lọ: àga kan, ẹ̀rọ kan, páìpù kan tí aláìsàn ń fẹnu bò, fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri. Aláìsàn á mí sínú títí kò fi gbà mọ́, èmi á wá máa pariwo lé e lórí: "Fẹ́ ẹ! Fẹ́ ẹ! Ó kù! Ó kù!" bí ẹni tó ń gbẹ̀bí. Ẹ̀rọ á sọ iye afẹ́fẹ́ tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè gbà àti bó ṣe yára jáde tó.

Inú yàrá yẹn ni mo ti ka lẹ́tà yín, láàárín aláìsàn méjì. Nígbà tí mo dé ibi tí téèpù ò ti sún, mo fọwọ́ lu tábìlì. Ẹni tó kàn yọjú, ó ní ṣé kí òun padà wá lọ́la ni.

Ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ. Tí èèyàn bá mí sínú, imú ló kọ́kọ́ gbà á. Irun inú rẹ̀ á mú eruku ńláńlá dúró, ibẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ ti ń rin, tó sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Láti ibẹ̀, ó gba ọ̀fun kọjá sí gògóńgò, níbi tí ohùn wa wà. Ìdérí kékeré kan wà níbẹ̀ tó máa ń pa dé tí a bá ń gbé oúnjẹ mì, kí oúnjẹ má bàa ṣìnà, àyàfi tí a bá ń fi oúnjẹ lẹ́nu rẹ́rìn-ín bíi tiyín. Lẹ́yìn ìyẹn ni páìpù ọ̀nà èémí, tí eegun rírọ̀ yí ká ní òrùka-òrùka kó má bàa pàdé mọ́ra. Ẹ fọwọ́ kan iwájú ọrùn yín, ẹ máa kàn wọ́n. Páìpù yìí sọ̀kalẹ̀ sínú àyà, ó pín sí méjì, ọ̀kan wọ ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún, ọ̀kan wọ tòsì. Wọ́n tún pín, wọ́n tún pín, bí igi tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò, títí ẹ̀ka rẹ̀ fi tín-ín-rín ju òwú ìránṣọ yín lọ. Lópin gbogbo ẹ̀ka ni àwọn àpò kéékèèké wà, wọ́n pọ̀ kọjá kíkà, ara wọn fẹ́lẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lọ lẹ́yìn ògiri wọn. Ibẹ̀ ni pàṣípààrọ̀ wà: ẹ̀jẹ̀ á gba ọ́síjìn, á dá afẹ́fẹ́ tí ara ti lò tán padà, àwa á mí ìyẹn síta. Ẹ̀dọ̀fóró ò lágbára tiẹ̀. Iṣan pẹlẹbẹ kan tó tẹ́ sábẹ́ ìhà ló ń fà á wálẹ̀, tí egungun ìhà sì ń ṣí sóde. Ohun tí téèpù yín ń wọ̀n nìyẹn.

Eruku lásán, ara mọ bó ṣe ń lé e. Ikun wà lára ògiri ọ̀nà náà tí eruku ń lẹ̀ mọ́, irun wẹ́wẹ́ sì wà tó ń gbá a sókè láìsinmi títí a ó fi wúkọ́ rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n eruku òkúta tí wọ́n gé láìsí omi kéré débi pé ó ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn agbálẹ̀ yẹn. Ó ń dé inú àwọn àpò náà. Ara á rán ọmọ ogun sí i, wọ́n á gbé e mì, eruku á pa wọ́n, á tún jáde, àwọn míì á tún wá. Níbi ìjà yẹn ni àpá ti ń hù, àpá lórí àpá, títí ohun tó yẹ kó rọ̀ bíi fóòmù á fi le bíi bàtà àtijọ́. Bí èèyàn tiẹ̀ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, àpá ò ní lọ.

Mo ti rí ọ̀kan, Màámi. Nílé ẹ̀kọ́ níbí, wọ́n gbé ẹ̀dọ̀fóró òkú ọkùnrin kan tó ń gé òkúta nígbà ayé rẹ̀ síwájú wa. Nígbà tí olùkọ́ fi ọ̀bẹ là á, ó ń dún kẹrẹkẹrẹ bí ohun tó kún fún yanrìn. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń kọ̀wé. Èmi sáré jáde lọ bì.

Ọ̀gá yẹn bá Bàámi gé òkúta pọ̀. Ohun kan náà ló wà níbẹ̀, kò sì ní sàn. Ẹ jẹ́ kó máa fọn fèrè rẹ̀ lọ. Tó bá ránṣẹ́ pé kí n ran òun lọ́wọ́, ẹ ní ẹ ò mọ ibi tí mo wà.

Ọmọ yín tí inú ń bí bíi tiyín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Mo ka lẹ́tà rẹ títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n sórí. Mo dúró níwájú dígí ṣọ́ọ̀bù, mò ń ka àwọn òrùka ọrùn mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà kan wọlé, ó ní ṣé kò sí o, ṣé mo fẹ́ fún ara mi lọ́rùn ni. Ibi tí o ti ní o lọ bì, èmi náà dìde kúrò nídìí ẹ̀rọ. Gbogbo ọdún yìí, o ò sọ ọ́ fún mi. Kí ló dé tí o fi í pamọ́?

Wọ́n ti ránṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló wá. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, mi ò bá a jà. Wọ́n dá ọkọ rẹ̀ padà sílé láti ọsibítù pẹ̀lú sìlíńdà ọ́síjìn gíga kan, tí rọ́bà ara rẹ̀ wọ ihò imú, tí kọ́kọ́rọ́ kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ń yí. Nọ́ọ̀sì tó gbé e wá sáré fi han obìnrin náà bí ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Ẹ̀rù sìlíńdà yẹn ń bà á, ó rò pé á bú gbàmù. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ọmọ yín mọ nǹkan wọ̀nyí. Ẹ bá mi bi í bí a ṣe ń ṣe é."

Mo ní kí ọkọ rẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ mí. Mo tẹ̀lé e lọ. Òkúta dídán ni wọ́n tẹ́ sí gbogbo ilẹ̀ ilé náà, láti ẹnu ọ̀nà dé yàrá. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni mò ń rò ó pé èwo nínú wọn ni bàbá rẹ gé. Mo dúró níwájú ibùsùn. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ sọ gbólóhùn kan péré, màá kọ̀wé sí ọmọ mi lónìí. Ẹ sọ pé kì í ṣe sìgá."

Ó wò mí. Ó wá èémí kó tó lè dáhùn.

"Ẹni tó kú... ti kú," ó ní. "Ẹ má... hú u jáde."

"Ẹ̀yin náà ń kú lọ o."

"Gbogbo wa ni." Ó sì yí ojú sí ògiri.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè rán ojú aṣọ kó gún. Ìyàwó rẹ̀ ṣì ń wá bẹ̀ mí. Ó ti ní kí èmi kúkú máa wá bá wọn yí kọ́kọ́rọ́ náà láràárọ̀, torí ọwọ́ tiẹ̀ ń gbọ̀n. Mi ò tíì dá a lóhùn. Ìwọ dá mi lóhùn ná. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n má yí i kọjá ààmì kékeré ìsàlẹ̀. Kí ló dé? Afẹ́fẹ́ tó dáa, ṣé ó lè pọ̀ jù ni? Bí ẹnì kan bá ṣí i dé òpin ńkọ́?

Má fi pamọ́ fún mi mọ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹta

Màámi,

Ẹ kú ìfaradà. Ẹ má hú u jáde! Ó lẹ́nu láti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín! Mi ò lè kí yín títí lónìí, ẹ má bínú. Ibi tí a ti ń fi ẹ̀rọ fọṣọ ni mo jókòó sí. Aṣọ mi ń yí nínú ẹ̀rọ.

Ẹ bi mí, màá sọ. A máa ń rò pé tí ọ́síjìn bá tán nínú wa ni ara fi ń pàṣẹ pé ká mí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ dá. Nídìí ọpọlọ, níbi tí orí ti pàdé ọrùn, ẹ̀ṣọ́ kan wà tí kì í sùn. Afẹ́fẹ́ tí ara ti lò tán ló ń ṣọ́. Tó bá ti ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, á pàṣẹ: mí! Ìdí nìyẹn tí kò sí ẹni tó lè di èémí ara rẹ̀ mú títí kú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́ ọjọ́ ti pẹ́, afẹ́fẹ́ ìlòtán yẹn ti kún inú rẹ̀ débi pé ó ti sú ẹ̀ṣọ́. Ohun tó kù tó ń mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ mí ni ebi ọ́síjìn. Tí ẹ bá ṣí sìlíńdà díẹ̀ fún un, ara á tù ú. Tí ẹ bá ṣí i dé òpin, ebi tán, ẹ̀ṣọ́ sùn. Ètè rẹ̀ á pọ́n, ojú rẹ̀ á dán, ará ilé á ní ó ti ń gbádùn. Mímí rẹ̀ á máa falẹ̀, á máa falẹ̀. Á sùn, kò sì ní jí. Kò sí ẹni tó máa bi yín ní nǹkan kan, torí gbogbo ayé ti mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn.

Mi ò ní kí ẹ ṣe nǹkan kan o. Ẹ bi mí ni, mo dáhùn. Orí ìjókòó ni Bàámi kú sí, ẹnu là, ojú là, ó ń wá afẹ́fẹ́ nínú yàrá tó kún fún afẹ́fẹ́.

Màá fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ kí n tó tún un kà.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Màámi mi, ẹ jọ̀ọ́,

Ẹ sun lẹ́tà tí mo kọ ṣáájú èyí. Ẹ má ṣe é.

Lánàá, wọ́n gbé bàbá àgbàlagbà kan wá sọ́dọ̀ wa. Ọmọ rẹ̀ obìnrin rí i nílé tó ń jà fún èémí, àánú ṣe é, ló bá ṣí sìlíńdà dé òpin. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Nígbà tí bàbá náà dé, ó ń mí bí ẹni tó gbàgbé, tó tún ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. A jí i, ó pẹ́ gan-an kó tó dáhùn. Ọmọ náà fara ti ògiri, ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Kò sí ẹni tó bú u. Ó kàn ń wò ó ṣáá ni.

Mo kórìíra Ọ̀gá yẹn, mi ò sì ní yé kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ máa wo ọwọ́ yín báyẹn. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ débẹ̀, ààmì kékeré tí nọ́ọ̀sì sọ ni kí ẹ ṣí i mọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù yín.

Ẹ dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ kan péré tó.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Lẹ́tà tí o kọ níbi ìfọṣọ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Ó yé mi yékéyéké. O mọ nǹkan án ṣàlàyé. Bàbá rẹ ì bá fi ọ́ yangàn. Mo ti sọ fún ìyàwó Ọ̀gá pé mo gbà, èmi ni màá máa wá yí kọ́kọ́rọ́ náà. Ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún. Ibẹ̀ ni mò ń lọ báyìí.

Má kọ nǹkan kan sí mi mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí títí wàá fi gbúròó mi.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Màámi,

Mi ò mọ bí mo ṣe lè kí yín. Ìwé kúkurú yẹn ló dé ọ̀dọ̀ mi gbẹ̀yìn. Lẹ́tà mi kejì ńkọ́? Ṣé kò dé ni, àbí ó dé, ẹ ò kà á? Mo tún ti kọ méjì lẹ́yìn rẹ̀.

Mo fi tẹlifóònù pe oníkẹ́míìsì. Mo ní kó bá mi pè yín. Ó ní, "Màmá ò sí ní ṣọ́ọ̀bù o. Ilé Ọ̀gá Òkúta ni wọ́n máa ń wà báyìí. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe to àga síta níbẹ̀ lánàá, gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló wá!" Kí n tó bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, ìlà já. Mo pè é, mo pè é, kò wọlé mọ́.

Mo mọ ohun tí wọ́n ń to àga síta fún.

Ẹ ti ṣe é. Èmi ni mo sì fi í lé yín lọ́wọ́. Lónìí, aláìsàn kan fẹnu bo páìpù, ó ń dúró kí n ní "fẹ́ ẹ," ohùn mi ò jáde. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ mi ní kí n máa lọ sílé. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé bí mo ṣe ń sunkún náà, apá kan inú mi ń béèrè pé ṣé ìyà jẹ Ọ̀gá Òkúta díẹ̀ kó tó lọ.

Bí ẹ bá ṣe é, ẹ sọ fún mi pé ẹ ṣe é. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi mí sílẹ̀ báyìí. Kò dáa bẹ́ẹ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Fara balẹ̀. Kò kú. Jókòó ná kí o tó ka ìyókù.

Gbogbo lẹ́tà rẹ dé lẹ́ẹ̀kan náà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ẹni pé wọ́n jọ wọ ọkọ̀ kan. Ó yẹ kí n ti kọ̀wé. Mi ò kọ ọ́ torí mi ò fẹ́ kí o dá mi dúró.

Mo ṣe é o. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Òwúrọ̀ tí mo kọ ìwé kúkurú yẹn, ìyàwó rẹ̀ wà ní ilé ìdáná, ó ń fọ abọ́. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìlíńdà, mo yí kọ́kọ́rọ́ náà títí kò fi yí mọ́. Afẹ́fẹ́ ń dún ṣàà nínú rọ́bà. Gbogbo ohun tí o kọ ló ṣẹ. Ètè rẹ̀ tó ti dúdú bí aró pọ́n. Èjìká rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ kúrò létí. Ó rẹ́rìn-ín sí mi! Ó ní, "Ó dùn... Ọlọ́run á san án... fún yín." Èmi náà rẹ́rìn-ín sí i. Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí tòògbé. Àyà rẹ̀ á gbéra díẹ̀, á dúró, á pẹ́. Á tún gbéra. Á dúró, á pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo jókòó, mò ń wò ó, mò ń retí kí inú mi dùn. Ìbínú tí mi ò ní irú rẹ̀ rí ló dé. Torí pé ó ń sùn, ọmọ mi. Ojú rẹ̀ rọ̀ bí ọmọ tó mu ọmú yó. Bàbá rẹ rí irú oorun yẹn bí? Bàbá rẹ la ojú sílẹ̀ dé òpin. Èyí á wá rọra sùn lọ lórí ibùsùn rírọ̀, á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, kò sì ní mọ̀ láyé pé mo ṣe òun ní nǹkan kan. Mo bi ara mi pé kí ni mo rí gbà? Ẹ̀bùn ni mò ń fún un!

Mo yí i padà sí ààmì kékeré. Mo gbá a létí. Kò jí. Mo tún gbá a. Mo gbé e jókòó, mò ń pariwo sí i lórí, "Mí! Mí! Ó kù! Ó kù!" títí ìyàwó rẹ̀ fi sáré wọlé. Mo ní oorun ló gbé e lọ jù, kó bá mi wá omi tútù. Ó la ojú. Mo tún gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyẹn kì í ṣe torí kó lè jí.

Nígbà tí obìnrin náà lọ wá aṣọ gbígbẹ, mo tẹ̀ sí i létí, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ ibi tí mo yí i dé àti ìdí tó fi dùn mọ́ ọn. Mo ní, "Ẹ̀yin pa omi, èmi ṣí afẹ́fẹ́. Màá tún wá lọ́la." Ó fẹ́ pe ìyàwó rẹ̀. Mo ní kó pè é, kó fẹjọ́ mi sùn, kí èmi náà wá sọ fún un ohun tó mú mi ṣe é, torí sìgá ni obìnrin náà gbọ́, kò gbọ́ ti omi rí. Kò pè é mọ́.

Mò ń lọ, mò ń bọ̀. Mi ò bẹ̀ ẹ́ mọ́, mi ò béèrè nǹkan kan. Màá kàn fọwọ́ lé kọ́kọ́rọ́ náà, màá wojú rẹ̀. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n lọ pe àwọn òṣìṣẹ́ òun wá. Àga tí wọ́n tò síta nìyẹn. Wọ́n gbé e jáde tòun ti sìlíńdà. Ó ní, "Omi orí ayùn... èmi ni... mo pa á. Ọkọ... obìnrin yìí... kò mu sìgá... rí. Eruku... ló pa á. Mo mọ̀... mo purọ́." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, èémí, ọ̀rọ̀ méjì, èémí. Ìyàwó rẹ̀ ń sunkún, ó fẹ́ bá a parí gbólóhùn kó lè sinmi. Mo ní rárá o, kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ ọ́. Oòrùn kúrò lára ògiri tọ̀tún kó tó parí. Àwọn òṣìṣẹ́ náà ń wolẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wúkọ́, gbogbo wọn yíjú sí i. Lọ́jọ́ kejì, rọ́bà omi ti padà sórí ayùn. Wọn ò dúró kí ẹnikẹ́ni pàṣẹ.

Ó ní kí n dárí ji òun. Mo ní mi ò ní dárí jì.

Mo ṣì ń lọ láràárọ̀. Ààmì kékeré yẹn ni mò ń ṣí i mọ, mi ò sì ní yí i kọjá ibẹ̀ mọ́ láyé mi. Lẹ́tà rẹ kejì wà nínú àpò mi, èmi náà rí obìnrin yẹn tó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ò mọ̀. Gbogbo ìgbà tí ìka mi bá ti kan kọ́kọ́rọ́ ni ojú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọn. Mi ò sì ní sọ fún un.

Tí o bá fẹ́ pè mí ní apànìyàn, mo ti pe ara mi bẹ́ẹ̀ ná.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà

Màámi mi,

Ẹ kú ewu. Mo kúnlẹ̀ nílẹ̀ yàrá mi nígbà tí mo ka "kò kú." Mi ò pè yín ní apànìyàn. Ọwọ́ yín yí i, ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Bó bá ṣẹlẹ̀ ni, àwa méjèèjì ni. Inú bí mi sí yín pé ẹ jẹ́ kí n ṣọ̀fọ̀ ẹni tí mo kórìíra. Inú mi sì dùn, ẹ gbọ́, ó dùn gan-an, pé ẹnì kankan ò bá a parí gbólóhùn yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un báyìí. Ẹ̀rù ń jẹ èémí, Màámi. Ẹni tí ẹ̀rù bà, òkè àyà nìkan ló fi ń mí, á máa yára, á máa kúrú, afẹ́fẹ́ àná ò ní ráyè jáde kí tòní tó wọlé. Ohun tí ẹ ń ṣe fún un láràárọ̀ nìyẹn láì yí nǹkan kan. Ó ti sọ ohun tí a fẹ́. Ẹ sọ fún un pé ó parí. Kì í ṣe torí tiẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ̀ yín.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mo gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ, mo sì fẹ́ gbà á. Mo lọ láti sọ fún un. Kí n tó la ẹnu, òun ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ fi tù mí lójú ni. Ó ní, "Ọkọ yín... máa ń kọrin... tí ayùn... bá ń pariwo. Kí ẹnikẹ́ni... má bàa gbọ́."

Mo dúró. Gbogbo ọdún tí mo fi bá bàbá rẹ gbé, mi ò gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ní ohùn òun ò dáa. Mo bi Ọ̀gá pé orin wo. Ó ní àwọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹnu tó ń mì àti orí tó ń jù nìkan làwọn ń rí, àwọn sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fa àga, mo jókòó. Mo ní, "Kí ló tún máa ń ṣe?"

Lánàá, ó sọ fún mi pé ọ̀sẹ̀ tí mo bí ọ, bàbá rẹ gbẹ́ orúkọ rẹ sẹ́yìn òkúta kan kó tó gbé e fún àwọn tó ń tẹ́ ilẹ̀ ilé. Wọ́n ti tẹ́ ẹ sí ilé ẹnì kan, ó dojú bolẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ilé wo. Àwọn onílé ń tẹ̀ ọ́ kọjá, wọn ò mọ̀. Ṣé o mọ̀ pé mi ò mọ̀?

Ọ̀rọ̀ méjì, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ń sọ ọ́, kò ní tètè tán. Nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà yẹn, òun nìkan ló sì kù. Bí mo bá sọ fún un pé ọwọ́ mi ti sinmi, ó lè dákẹ́. Nítorí náà mi ò tíì sọ ọ́. Jẹ́ kí ẹ̀rù ṣì máa bà á díẹ̀, kó máa rántí. Ọjọ́ tó bá wá inú orí rẹ̀, tí kò rí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ nípa bàbá rẹ, ọjọ́ yẹn ni màá sọ fún un, kó lè sùn.

Ó yá, ilẹ̀ ti mọ́. Ó ń retí mi.

Ìyá rẹ.